Ta Ló Ń San Owó Ìyanṣẹ́lódì?

Ní aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú 19, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2024, iná ọba kú jákèjádò Nàìjíríà. Òpó kankan kò wó, gáàsì kò sì tán. Ìyanṣẹ́lódì lórí owó oṣù tó kéré jù lọ ló bẹ̀rẹ̀. TCN, iléeṣẹ́ tó ń gbé iná láti ibi tí wọ́n ti ń pèsè rẹ̀ dé ìlú, sọ pé wọ́n lé àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní yàrá ìdarí ìlú Benin jáde, wọ́n sì ti ibùdó iná Ayédé, Ọlọ́runṣògo, Akangba, Òṣogbo àti Gànmọ́ pa. Kí ọ̀sán tó pọ́n, pápákọ̀ òfurufú ti di títì, ọ́fíìsì ìjọba àti ilé ìwé náà sì dá páropáro. Ní ọjọ́ kejì, NLC àti TUC, àwọn àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì tó pè é, so ìyanṣẹ́lódì náà rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n lè padà sídìí ìjíròrò.

Ọjọ́ méjì péré ni. Àmọ́ ẹ wo ìyá tó ń ta ẹja yìnyín lọ́jà. Bí fìrísà rẹ̀ bá kún dẹ́nu, tí kò sì ṣí i rárá, ẹja inú rẹ̀ lè wà ní dídì fún nǹkan bíi wákàtí 48 láìsí iná. Bó bá jẹ́ ìdajì ló kún, wákàtí 24 ni. Ṣùgbọ́n inú fìrísà yẹn ló ti ń tà, kò lè ṣe kó má ṣí i. Gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá dé, òtútù ń jáde, ooru ń wọlé. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, omi á ti máa sun lára ẹja tó wà lókè. Ohun méjì ló kù fún un: kó ra epo sí jẹnẹrétọ̀, tàbí kó ta ẹja náà ní iyekíye tó bá rí kó tó rà. Èyíkéyìí tó bá ṣe, ó ti san tirẹ̀. Kò sì sí nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ìjọba ní àríyànjiyàn lórí owó oṣù.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nípa ìyanṣẹ́lódì nìyẹn. A máa ń wò ó bí ìjà ẹni méjì, òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ká sì máa bi ara wa ta ló jàre. Ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni ta ló ń sanwó rẹ̀, nítorí pé gbogbo ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dúró ló ní iye tó jẹ́, ẹnìkan ló sì máa san án. Ibi tí iṣẹ́ náà wà àti iye ọjọ́ tó gbà ló ń sọ ẹni náà.

Ìyanṣẹ́lódì kì í ṣe kíkọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó yanṣẹ́ lódì ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fà sẹ́yìn, torí òun nìkan ló ní tí agbanisíṣẹ́ ń wá. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá ṣe é pọ̀, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí ẹgbẹ̀rún mìíràn tó mọ iṣẹ́ náà? Níbẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní ti ìkìlọ̀ máa ń ní ọjọ́ tó máa parí, ọjọ́ mẹ́ta tàbí ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí kò lọ́jọ́ ni ẹgbẹ́ nìkan lè sọ ìgbà tó máa dáwọ́ dúró. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ á wá, á fọwọ́ síwèé pé òun dé, kìkì ohun tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ló máa ṣe, kò ní fi bí orí abẹ́rẹ́ kún un.

Ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó jáde

Òfin tí wọ́n ń pè ní Trade Disputes Act ti wà láti ọdún 1976, ọ̀nà tó là sílẹ̀ sì gùn. Bí ẹgbẹ́ àti agbanisíṣẹ́ bá ti ní ìlànà kan tí wọ́n jọ fọwọ́ sí láti fi parí aáwọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà. Bí kò bá yọrí, wọ́n ní ọjọ́ 7 láti jókòó níwájú alárinà kan tí àwọn méjèèjì gbà fún. Bí alárinà bá lo ọjọ́ 7 tí kò rí i yanjú, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ fi tó mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 3. Mínísítà lè yan onílàjà, ọjọ́ 7 ni tirẹ̀ náà. Bó bá tún já sí pàbó, mínísítà ní ọjọ́ 14 láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́ aáwọ̀ iṣẹ́, ìgbìmọ̀ yẹn sì ní ọjọ́ 21, tí mínísítà lè fi kún un. Ẹni tí ìdájọ́ wọn kò bá tẹ́ lọ́rùn á kọ̀wé ta kò ó, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ á dé National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó wà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́.

Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọjọ́ 59 ni, kí ilé ẹjọ́ tó dá sí i. Ní gbogbo àsìkò yẹn, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni yanṣẹ́ lódì. Ìtanràn tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá rú u ni ₦100 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Ọgọ́rùn-ún náírà ti di yẹpẹrẹ. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà kò tíì di yẹpẹrẹ.

Gbèdéke ọjọ́ 7, 14 tàbí 21 tí ẹ máa ń gbọ́ lórí rédíò, àṣà ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ìṣirò òfin yìí. Èyí tí òfin dìídì dárúkọ ni ọjọ́ 15: àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ kòṣeémáàní, bí iná, omi, ilé ìwòsàn àti èbúté, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ 15 ṣáájú, ó kéré tán.

Àtúnṣe òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ọdún 2005 tún mú ọ̀rọ̀ le sí i. Ó ní ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dìbò, àwọn tó fara mọ́ ìyanṣẹ́lódì sì gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ, kì í ṣe ìdajì àwọn tó wá sípàdé. Ó ní wọn kò gbọ́dọ̀ fipá mú ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ láti bá wọn jáde, wọn kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà, wọn kò gbọ́dọ̀ dá bàálù dúró. Ó tún ní ohun tí wọ́n ń jà fún gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ tí àdéhùn ti fún wọn tí agbanisíṣẹ́ sì tẹ̀ lójú. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Bí wọ́n bá jẹ yín lówó oṣù mẹ́ta, ẹ̀tọ́ tó ti wà nílẹ̀ ni ẹ ń bèèrè. Bí ẹ bá ní kí wọ́n fi kún owó oṣù, ohun tuntun ni ẹ ń bèèrè, lójú òfin yìí, ìyẹn kò tó ìdí láti ti géètì pa. Ẹ wá fi èyí wé ìyanṣẹ́lódì 2024: owó oṣù tuntun ni wọ́n ń bèèrè, pápákọ̀ òfurufú sì di títì. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò tíì fara mọ́ òfin yẹn rí, wọ́n ní ó so ọwọ́ àwọn sẹ́yìn. Èrò tiwa ni pé òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ti ohun tuntun: kò sí agbanisíṣẹ́ tó ń bù kún owó oṣù láìsí ohun tó tì í. Ṣùgbọ́n ti yàrá ìdarí iná yàtọ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ ìmí ń ràn lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù kò ní ọjọ́ 15 mìíràn.

Owó oṣù ọjọ́ tí a kò ṣiṣẹ́

Ẹsẹ 43 nínú òfin 1976 yẹn ni ìjọba máa ń dì mú. Ó ní òṣìṣẹ́ tó bá yanṣẹ́ lódì kò ní ẹ̀tọ́ sí owó oṣù fún iye ọjọ́ tó fi wà níta. Èyí tí wọn kì í pariwo rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: iye ọjọ́ yẹn kò ní wọ inú ìṣirò àkókò tó fi ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró, ohunkóhun tó bá sì dúró lórí ìṣirò yẹn á dín. Bó bá jẹ́ agbanisíṣẹ́ ló ti géètì mọ́ òṣìṣẹ́ níta kí wọ́n lè gba ohun tí wọn kò fẹ́, ìdàkejì ni: owó oṣù wọn pé, ọjọ́ wọn sì pé. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ sí géètì, kí ẹ sì ní ẹ̀rí rẹ̀. Lẹ́tà, fọ́tò tó ní déètì, orúkọ ẹ̀ṣọ́ tó dá yín padà: ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ti àwọn olùkọ́ fásitì ló fi hàn jù. ASUU, ẹgbẹ́ wọn, jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án, National Industrial Court pàṣẹ pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbìyànjú ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ìyẹn náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ lé àṣẹ. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n so ó rọ̀, oṣù mẹ́jọ géérégé. Nígbà tí owó oṣù kẹwàá dé, ọjọ́ 18 péré ni wọ́n san fún wọn, láti ọjọ́ 14 sí ọjọ́ 31. Owó oṣù mẹ́jọ kò wá. Ó di oṣù kẹwàá ọdún 2023 kí Ààrẹ Tinubu tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n san mẹ́rin nínú rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ ń sọ pé iṣẹ́ tí àwọn kò ṣe nígbà náà, àwọn ti ṣe é nígbà tí àwọn padà: ìdánwò tó yẹ kó wáyé ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ṣì ní láti wáyé, akẹ́kọ̀ọ́ kan náà ló ń dúró. Òótọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kò lè wa ti àná lónìí, ṣùgbọ́n olùkọ́ lè kọ́ni ní ẹ̀kọ́ oṣù tó kọjá ní oṣù yìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan wò. Ká sọ pé òṣìṣẹ́ kan ń gba ₦100,000 lóṣù, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bèèrè àfikún ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n wà níta fún oṣù mẹ́rin, wọn kò san kọ́bọ̀ fún un, lẹ́yìn náà ìjọba gbà pátápátá. Ó ti pàdánù ₦400,000. Àfikún rẹ̀ jẹ́ ₦20,000 lóṣù. Oṣù 20 ló máa gbà á kó tó padà sí ibi tó wà kó tó jáde, ká tiẹ̀ má tíì ka èlé orí gbèsè tó fi jẹun. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n lò níta, nǹkan bíi ₦23,000 ló máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oṣù kejì kò ní parí tán kó tó rí i padà. Àfikún kan náà ni. Ọjọ́ ló yàtọ̀.

Ní Jámánì, ẹgbẹ́ ńlá bíi IG Metall ní àpò tí wọ́n ń kó owó sí láti ọjọ́ pípẹ́, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fún ọmọ ẹgbẹ́ ní owó oúnjẹ nígbà ìyanṣẹ́lódì. Lọ́dọ̀ tiwa, inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ owó ẹgbẹ́ kó tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Bí owó oṣù bá dúró, owó ẹgbẹ́ náà dúró lọ́jọ́ kan náà. Agbanisíṣẹ́ tó mọ èyí kì í kánjú.

Fún àwọn ará wa tó wà ní Bìrìtìkó lórí físà iṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú: bí ìyanṣẹ́lódì náà bá bófin mu, tó jẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ṣètò rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ fi wà níta kò wọ inú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àìsí níbi iṣẹ́ láìgbowó tó lè mú kí agbanisíṣẹ́ fa ọwọ́ físà yín sẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kí ìbẹ̀rù yìí ti dá àwọn nọ́ọ̀sì kan dúró ní oṣù kejìlá 2022, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, RCN, jáde. Owó ọjọ́ tí ẹ kò ṣiṣẹ́ ni wọ́n máa yọ. Físà yín wà níbẹ̀.

Bó ṣe ń dé ọjà

Ìyanṣẹ́lódì kì í mú gbogbo ọjà wọ́n. Ó ń mú òmíràn wọ́n, ó ń mú òmíràn pọ̀, nígbà mìíràn ọjà kan náà ni ní ìlú méjì.

Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ àti màlúù dá ọkọ̀ ẹrù tó ń bọ̀ láti òkè ọya dúró, wọ́n ní kí ìjọba san ₦475 bílíọ̀nù fún ẹ̀mí àti dúkìá tí wọ́n pàdánù, títí kan èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn. Oníṣòwò ni wọ́n, wọn kì í gba owó oṣù, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọjà kò yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí awakọ̀ tírélà bá yanṣẹ́ lódì. Ọkọ̀ tò sí ọ̀nà Jẹ́bbà. Ní Èkó àti Ìbàdàn, àlùbọ́sà, tòmátì àti ẹran gbówó lórí láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní òkè ọya, tòmátì já wálẹ̀, nítorí pé tòmátì tó ti pọ́n kò mọ̀ pé ìyanṣẹ́lódì wà. Bó bá ti kúrò lóko, rírà ló kù. Àgbẹ̀ pàdánù, ẹni tó ń se ọbẹ̀ l'Ékòó pàdánù, ọkọ̀ tó dúró lójú ọ̀nà pàdánù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá.

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu bí ọjà ṣe máa wọ́n tó. Àkọ́kọ́, èyí tó wà nílẹ̀ kí ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì, ṣúgà àti sìmẹ́ńtì wà ní ilé ìkẹ́rùsí, ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fura. Búrẹ́dì, ẹ̀fọ́ àti epo bẹntiróòlù kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ìkejì, bóyá ohun mìíràn wà tó lè rọ́pò rẹ̀. Ìkẹta ni ìbẹ̀rù, ó sì lágbára ju àwọn méjì ìṣáájú lọ. Lọ́jọ́ tí gbèdéke bá jáde lórí rédíò, ẹni tó máa ń ra epo lítà 10 á gbé kẹ́ẹ̀gì wá, á ra 50. Ilé epo tó yẹ kó tà fún ọjọ́ mẹ́ta á tán ní ọjọ́ kan. Ọ̀wọ́ngógó ti dé nígbà tí òṣìṣẹ́ kankan kò tíì jáde. Bí ẹgbẹ́ bá sì so ó rọ̀, iye ọjà kì í bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí pé ọjà tí alágbàtà rà lọ́wọ́n ló kọ́kọ́ máa tà tán.

Nípa ọrọ̀ ajé ìlú, ẹ ya iṣẹ́ tó pẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tó ṣègbé. Iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó ti pa fún ọjọ́ mẹ́ta lè ṣiṣẹ́ òru fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó ṣe gbogbo èyí tó yẹ kó ti ṣe. Iṣẹ́ náà pẹ́ ni, kò ṣègbé. Onígbàjámọ̀, olóúnjẹ, awakọ̀ dánfó: orí tí wọn kò gẹ̀ lánàá, wọn kò ní gẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Ní oṣù mẹ́jọ tí ASUU fi wà níta, àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ ní Àgbówó, níwájú géètì UI, kò rí akẹ́kọ̀ọ́ tà fún. Ìdajì owó oṣù kankan kò sí fún wọn láti bèèrè lẹ́yìn náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ẹni ọdún 29 nígbà tó bẹ̀rẹ̀, tó yẹ kó parí lọ́dún yẹn, lè ti kọjá 30 kó tó gba ìwé ẹ̀rí, NYSC kì í sì í gba ẹni tó bá ti lé ní 30 lọ́jọ́ tó jáde fásitì. Ìwé ìyọ̀ǹda pé kó má sin ìlú mọ́ ni wọ́n máa fún un.

Ìyanṣẹ́lódì kan wà tó fa iye ọjà sílẹ̀, ó yẹ ká rántí rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2012, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan sì fò láti ₦65 sí ₦141. Òṣìṣẹ́ jáde ní ọjọ́ 9, àwọn aráàlú tú síta pẹ̀lú wọn, Ọ̀jọ́ta l'Ékòó sì di ojúkò ìwọ́de. Ní ọjọ́ 16, iye lítà kan bọ́ sí ₦97, wọ́n sì so ó rọ̀. Ká sọ pé awakọ̀ kan ń lo lítà 40 lójúmọ́, tó sì ń mú ₦5,000 délé. Ọjọ́ márùn-ún tó fi jókòó jẹ́ ₦25,000. ₦44 tó dín lórí lítà kan jẹ́ ₦1,760 lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ 15 tó fi ṣiṣẹ́, ó ti rí gbogbo owó rẹ̀ padà. Ẹ fi wé oṣù 20 ti òṣìṣẹ́ tí a ṣírò lókè.

Ṣé àfikún owó oṣù ló ń mú ọjà wọ́n?

Ẹjọ́ tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo agbanisíṣẹ́ nìyẹn. Ó lè ṣẹlẹ̀. Bí owó oṣù bá jẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí iléeṣẹ́ ń ná, bíi ilé ìwé aládàáni tàbí ilé ìwòsàn, àfikún á hàn nínú owó tí wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọjọ́ ṣe tò tẹ̀ léra. Ní oṣù karùn-ún 2023 wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ní oṣù kẹfà wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 sì ti ń súnmọ́ ₦1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹfà 2024, àjọ tó ń ka ìṣirò orílẹ̀-èdè, NBS, ní iye oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún lé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, owó oṣù tó kéré jù lọ ṣì wà ní ₦30,000 tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019. Ọjà ló kọ́kọ́ sáré. Owó oṣù ló ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ₦615,000, wọ́n bọ́ sí ₦494,000, wọ́n bọ́ sí ₦250,000. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ láti ₦48,000, ó gun orí àtẹ̀gùn dé ₦62,000. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje 2024, ₦70,000 di òfin, pẹ̀lú àtúnyẹ̀wò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta-mẹ́ta dípò márùn-ún. Lórí bébà, ó ju ìlọ́po méjì ₦30,000 lọ. Lọ́jà, àpò ìrẹsì kan ti kọjá ₦70,000 nígbà náà.

Òfin yẹn kò sì kan gbogbo èèyàn. Agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 kò sí lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń gba owó lórí iye tó bá tà, tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́. Ọmọbìnrin tó ń dúró ṣọ́ọ̀bù fún ìyá kan ní Dùgbẹ̀ kò rí nǹkan gbà nínú rẹ̀, àmọ́ òun náà jókòó sínú òkùnkùn ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà. Àwọn ìpínlẹ̀ náà kò san bákan náà: Èkó kéde ₦85,000, Ọ̀yọ́ ₦80,000, Ògùn ₦77,000.

Ìwé àdéhùn

Ní 1945, ó lé ní 30,000 òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, ti rélùwéè, ti póòsì àti àwọn mìíràn, tó jáde pẹ̀lú Michael Imoudu, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, torí pé ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù kò sì yí padà. Wọ́n lo ọjọ́ 44. Ìgbìmọ̀ tí Tudor Davies darí ló wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì dámọ̀ràn kí wọ́n fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà tí wọ́n ń gbà. Èsì yẹn ní iye, ó sì ní ọjọ́. Èyí tí kò bá ní méjèèjì, ìyanṣẹ́lódì tó ń bọ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí. Àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ bá ASUU ṣe ní 2009 ni wọ́n tún torí rẹ̀ jáde ní 2013, ní 2020 àti ní 2022.

Bí ìwé bá dé iwájú yín lẹ́yìn ìjíròrò, ẹ wo iye owó tí wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe "a óò gbé e yẹ̀ wò". Ẹ wo oṣù tí owó náà máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ bèèrè ibi tó wà nínú ìṣúná ọdún yẹn, torí owó tí kò bá sí nínú ìṣúná, ẹni tó fọwọ́ sí i kò ní agbára láti san án. Ẹ wo bóyá ó sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí owó ọjọ́ tí ẹ fi wà níta. Ẹ wá gbólóhùn tó sọ pé wọn kò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni tó kópa. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ sí i, torí àwọn tó síwájú ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé kúrò ní ibùdó wọn.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ẹgbẹ́ kì í sábà sọ pé àwọn ti fagi lé ìyanṣẹ́lódì. Wọ́n á ní àwọn so ó rọ̀ ni. Bí wọ́n bá fagi lé e tí agbanisíṣẹ́ sì yẹ àdéhùn, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n máa padà sí. Bó bá jẹ́ pé wọ́n so ó rọ̀, wọ́n gbà pé aáwọ̀ náà ṣì wà láàyè.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá wọlé padà, ẹ fọwọ́ sí ìwé ìwọlé, kí ẹ kọ aago síbẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà. Tí owó oṣù bá dé, ẹ gba ìwé ìsanwó, kí ẹ ka iye ọjọ́ tí wọ́n san láti ọjọ́ tí ẹ wọlé, kí ẹ wo owó ìfẹ̀yìntì àti owó ẹgbẹ́ tí wọ́n yọ. Bí ọjọ́ kan bá dín, ẹ kọ lẹ́tà lọ́sẹ̀ náà, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín.